Oyè Balógun Ọkàn ní Zion Pepe

Kí Ọ̀gá Ọlálẹ́yẹ tó dé Zion Pepe, oyè rẹ̀ ti kọ́kọ́ dé. Pátákó ni wọ́n kọ ọ́ sí: OLÙDARÍ ÀGBÀ FÚN OKUN ARA, ÌMỌ̀ IṢAN ÀTI ÌGBOYÀ Ẹ̀ṢỌ́ ETÍDÒ. Pátákó náà gùn ju ọkọ̀ tó gbé e wá lọ, ọkùnrin méjì ló sì jókòó lé e lórí kí afẹ́fẹ́ òkun má baà gbé e sọnù. Ní ọjọ́ kejì ni ẹni tó ni oyè tẹ̀lé e. Ó jókòó sáàárín ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, ó sì ń wo omi bí ẹni ń wo ajá tí kò mọ olówó rẹ̀.

Ọdún tí ọkàn ẹnikẹ́ni kò balẹ̀ lórí odò mọ́ ni. Ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ lórí omi, wọ́n ti sun ilé ní ìsàlẹ̀ odò, àwọn tó sá àsálà sì ń sùn sórí bẹ́ǹṣì ní ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà ni àwọn ọ̀dọ́ Zion Pepe fi kó ara wọn jọ. Iṣẹ́ wọn kò ju méjì lọ: kí wọ́n máa ṣọ́ ẹnu odò, bí wàhálà bá sì dé, kí wọ́n fi àjẹ̀ tu àwọn ọmọdé àti arúgbó gba ojú omi tóóró lọ sí Ode Ugbo, ibi tí ewéko pọ̀ dé tí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì kò lè gbà. Apá tó mọ àjẹ̀ ni odi ìlú. Odi mìíràn kò sí.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n rán olùkọ́ wá. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kan wà ní Àkúrẹ́, ẹ̀yin náà sì mọ ìgbìmọ̀: bí kò bá rán ènìyàn níṣẹ́, ara rẹ̀ a máa yún un. Ọ̀gá Ọlálẹ́yẹ ni wọ́n rí rán. Títí di ìgbà yẹn, àga àti tábìlì ọ́fíìsì ló ń bójú tó. Wọ́n ní ẹni tó ti mọ ẹsẹ̀ mẹ́rin àga, ẹsẹ̀ méjì ènìyàn kò lè ṣòro fún un.

Ó kó àwòrán kan dání tó ga tó ilẹ̀kùn, àwòrán ọkùnrin tí wọ́n bó láwọ, tí iṣan, eegun àti ìfun rẹ̀ hàn síta. Ó fi kọ́ ara ògiri ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ kéékèèké tó ń sùn níbẹ̀ kò lè sùn mọ́.

"Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà!" ni Ọ̀gá pàṣẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo ìlú gbé e lé e. "Kí ló wà níbẹ̀?"

Akọ̀wé rẹ̀, Ògúnlànà, ti kọ́ wọn ní ìdáhùn. "Ọkàn ni!"

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń sáré!"

"Kí ló dé tó fi ń sáré?"

"Ọ̀gá ti dé!"

Ọ̀gá di ojú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ ro létí. Láràárọ̀ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀, áà, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó na ọ̀pá sí ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, ó ní àpò òógùn ni. Ó na ọ̀pá sí kíndìnrín, ó ní ẹ̀wà méjì tí Ọlọ́run tọ́jú fún ọjọ́ ìyàn ni. Ó ní ẹni tó bá ń mu omi nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ara, iṣan rẹ̀ yóò rọ̀ bí gààrí tí wọ́n da omi sí, nítorí náà òun fi òfin de omi láti àárọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí.

"Ọ̀rọ̀ ọpọlọ!" ni Ògúnlànà ń kígbe lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn ó máa ń kígbe kí gbólóhùn tó parí.

Ṣùgbọ́n orí ọkàn gan-an ni ọgbọ́n Ọ̀gá ti kún àkúnya. "Ọkàn ènìyàn," ni ó wí, "ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ́ńjìnnì wo ló lágbára? Èyí tó ń bú ramúramù ni! Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sáré jù, òun ló lágbára jù. Òun ni màá fi jẹ Balógun Ọkàn."

Ó ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tò, kí wọ́n fò sókè fò sílẹ̀, ó wá ń di ọrùn ọwọ́ wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Olówòkéré ló kọ́kọ́ kàn, ọkùnrin tí apá rẹ̀ le bí òpó ilé, tó ń tukọ̀ lọ sí Awoye kó tó jẹun àárọ̀.

"Ṣé o ń sùn ni?" ni Ọ̀gá bi í.

"Rárá o, sà."

"Ọkàn rẹ ń sùn. Ó lù, ó dúró, ó ronú, ó tún lù. Irú ọkàn wo nìyí lásìkò ogun?"

"Ọ̀gá, láti kékeré ni mo ti ń tukọ̀. Mo lè tù ú dé Awoye kí n má mí hẹlẹ."

"Ọ̀lẹ ni kì í mí hẹlẹ! Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan!"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lé gbogbo àwọn tó mọ àjẹ̀ dáadáa kúrò, nítorí ọkàn wọn lọ́ra. Wọn ò jà. Wọ́n gbé àwọ̀n, wọ́n lọ sẹ́bàá odò, inú wọn sì dùn díẹ̀ pé àwọn bọ́ lọ́wọ́ fífò sókè fò sílẹ̀. Àwọn tó kù ni akọ̀wé ilé ìjọsìn, ọmọkùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù, àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ púpurú yó.

Ẹni tó tò kẹ́yìn ni Jésùtófúnmi. Ọ̀gá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ là, ó tún ìka gbé, ó sì gbé ọwọ́ ọmọ náà sókè bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ.

"Mo ti rí i! Ẹ wá gbọ́ bí ọkàn yìí ṣe ń sáré! Ẹ̀yin ará Zion Pepe, ẹ wo Balógun yín!"

Wọ́n fi ọ̀já pupa kọ́ ọ lọ́rùn. Ní ẹ̀yìn èrò, ìyá rẹ̀ mú ọwọ́ bo ẹnu.

Mabel ni orúkọ ìyá náà. Ẹja ló ń yan. Omi gbé ọkọ rẹ̀ lọ, ọmọ méjì ti kú ṣáájú Tófúnmi, Tófúnmi nìkan ló ṣẹ́kù, fòníkú-fọ̀ladìde sì ló ń ṣe é. Láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn ni Mabel ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Igbókòdá, nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ sì ti ṣàlàyé fún un dáadáa. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò tó, ìwọ̀nba tó wà ni ọkàn rẹ̀ ń sáré láti pín yí ara ká, bí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń kó gbogbo ìlú rékọjá tó ní láti máa lọ máa bọ̀ láìsinmi. Ó ní kí ó máa mu omi, kí òùngbẹ má gbẹ ẹ́, kí ó má ṣe iṣẹ́ àṣekú nínú oòrùn, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó bá ki yóò dì nínú iṣan rẹ̀ tóóró, ìrora á sì dé, tàbí ohun tó burú ju ìrora lọ. Ogún ọdún ni Mabel ti fi ṣọ́ ọmọ yìí, àfi bí ẹni ṣọ́ iná fìtílà nínú ìjì.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, kò sì jẹ.

"Tófúnmi, dá ọ̀já yìí padà."

"Ìyá mi, ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

"Ọkàn rẹ tó ń sáré, àìsàn ló ń lé e. Kì í ṣe agbára."

"Mo mọ̀." Ọmọ náà ń fi ìka tẹ etí ọ̀já. "Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Láti ìgbà tí mo ti dáyé, ìjókòó ni wọ́n ń fi mí sí. 'Tófúnmi, jókòó. Tófúnmi, má tukọ̀. Tófúnmi, òjò ń bọ̀.' Lónìí, Olówòkéré bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èmi ni wọ́n pè síwájú. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀sẹ̀ kan jẹ ènìyàn."

Mabel dìde. Ó fọ abọ́. Abọ́ kan náà ló ń fọ̀ títí.

Ní òwúrọ̀ ó di ẹja ọ̀bọ̀kún tó gbẹ dáadáa, ó lọ bá Ọ̀gá. Ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé àìsàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá ń gbọ́, ó ń fi imú gbọ́ òórùn ẹja.

"Ìyá," ni ó wí nígbà tó ṣe, "mo bá ọ yọ̀. Ìyá akọni ni ọ́. Ṣùgbọ́n wo àwòrán yìí. Mo ti wò ó látòkè délẹ̀, n kò rí ibi tí wọ́n ya fòníkú-fọ̀ladìde sí."

"Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, sà."

"Ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó pupa, kò sóhun tó ṣe é. Gbọ́, àìsàn kì í bá ọkàn tó ń sáré. Á lé e títí, á rẹ̀ ẹ́, á padà sílé."

"Ọ̀rọ̀ ọpọlọ!" ni Ògúnlànà wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ ní ọjọ́bọ̀," Ọ̀gá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ọmọ rẹ yóò gbé àpò iyanrìn léjìká, yóò sáré lórí afárá pákó láti èbúté dé ilé ìjọsìn, àlọ àti àbọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́sàn-án gangan, láìfi omi kan ètè. Àwọn àlejò yóò rí i, wọn yóò sì béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Fi ẹja sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Mabel fi ẹja sílẹ̀. Nígbà tó ń padà lọ, ó yà sí ìsọ̀ Roqeebah, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Faiz, tó ń ta epo ọkọ̀ àti okùn àwọ̀n.

"Ìyá Tófúnmi, ojú rẹ ti wọ inú. Kí ló wí?"

"Ó ní àìsàn kò sí nínú àwòrán."

"Ọpọlọ rẹ̀ náà kò sí níbẹ̀." Roqeebah tutọ́ sómi. "Lọ sọ fún àwọn àgbà."

"Mo ti sọ. Wọ́n ní ìjọba ló rán an, kí n má lọ bí ìjọba nínú lásìkò tí a nílò ṣọ́jà."

"Ta ló wá lè gba oyè yẹn lọ́wọ́ ọmọ rẹ?"

"Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sáré jù ú lọ nìkan. Òfin rẹ̀ nìyẹn." Mabel jókòó sórí gálọ́ọ̀nù. "Ìyá Faiz, mo ti wá a káàkiri. Mo ti di ọwọ́ gbogbo ará àdúgbò yìí mú. Kò sí."

Ọjọ́bọ̀ pé. Oòrùn mú bí abẹ. Ìlú péjọ sí èbúté, Tófúnmi dúró pẹ̀lú ọ̀já lọ́rùn, àpò iyanrìn wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti gbẹ láti àárọ̀. Ọ̀gá wọ aṣọ funfun, ó fi fèrè sẹ́nu, ó ń retí àlejò. Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí ìró ẹ́ńjìnnì fi bú jáde lẹ́yìn igbó ẹ̀gbà, àwọn igi tó ń hù nínú omi iyọ̀: kì í ṣe ọkọ̀ kan, wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń bọ̀ kíákíá.

"Wọ́n ti dé o!" ni ẹnìkan ké, gbogbo èbúté sì mọ̀ pé àwọn tó ń sun ilé ló ní lọ́kàn.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Àwọn tí Ọ̀gá yàn fún ọkàn sísáré dúró lójú kan, ọkàn wọn ń sáré, ẹsẹ̀ wọn kò tẹ̀lé e. Olówòkéré àti àwọn ọ̀lẹ tó kù ló bẹ́ sí etí omi. Wọ́n fa ọkọ̀ mọ́ra, wọ́n ń gbé àwọn ọmọ sínú rẹ̀ bí ẹni ń kó ẹyin, wọ́n gbé àwọn ìyá àgbà tẹ̀lé wọn, àjẹ̀ ti wọ omi. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti ṣáájú àwọn ìyá àgbà wọnú ọkọ̀. Ó jókòó sísàlẹ̀, ó fi gèlè ẹlòmíràn bo orí.

"Ọmọ mi," ni ìyá àgbà kan wí fún un, "gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ mi. Ọmọ ta tilẹ̀ ni ọ́?"

Ìgbà náà ni àwọn ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì yọ. Àsíá ìjọba wà lára wọn. Àwọn àlejò ni, àwọn ṣọ́jà ló sìn wọ́n wá, wọ́n sì tètè dé. Ìlú mí kanlẹ̀. Ọ̀gá yọ gèlè, ó jáde nínú ọkọ̀, ó ní òun ń wò ó bóyá ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúró dáadáa ni.

"Ọ̀rọ̀ ọpọlọ!" ni Ògúnlànà wí.

Olórí àwọn àlejò ni Ìyáàfin Jọọlá, obìnrin kúkúrú tó wọ jígí, dókítà ni. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkínni. Ó kí i, ó kí ìjọba, ó kí omi, ó kí iṣan ara lápapọ̀, ó wá ṣàlàyé pé ní ilé ẹ̀kọ́ òun, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sáré jù ló ń ṣáájú.

Mabel kò gbọ́ ìkínni. Ọrùn Ọ̀gá ló ń wò. Iṣan kan wà níbẹ̀, lókè kọ́là, tó ń fò tọ̀ọ́tọ̀ọ́ bí ẹja tí wọ́n dà sórí pákó. Obìnrin tó ti fi ogún ọdún wo irú iṣan bẹ́ẹ̀ lọ́rùn ọmọ mọ ohun tó ń rí. Ó bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Oyè ńlá ni oyè yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ọkàn lójú àlejò, kí a má baà gbé e fún ẹni tí kò tọ́ sí."

"Ìyá mi!" ni Tófúnmi wí láàárín eyín.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ìyáàfin Jọọlá wí. Ó di ọrùn ọwọ́ Tófúnmi mú, ó wo aago, ó sì wo ojú ọmọ náà tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó fẹ́ sọ nǹkan. Mabel kò jẹ́ kí ó sọ ọ́.

"Ó ku ti Ọ̀gá," ni ó wí. "Ẹni tó kọ́ wa, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ lè jù ú lọ ni?"

Ọ̀gá ń wá ọ̀rọ̀. Bóyá ìbá rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bọ́ apọ́nni, apọ́nni ni yóò sin ín. Ògúnlànà ti fò síwájú.

"Ta ni yóò bá Ọ̀gá dù ú? Ẹ ka ti Ọ̀gá! Ẹ kà á, kí ojú ti àwọn ọ̀tá!" Ó gbá ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ mú, ó na án sí dókítà.

Ìyáàfin Jọọlá kà á. Ó tún un kà. Ó yọ jígí kúrò lójú.

"Ti ọ̀gá yín yá ju ti ọmọ yìí lọ. Ó yá jù ú lọ jìnnà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Ògúnlànà ń jó. "Balógun! Balógun tòótọ́!"

Ìlú hó. Roqeebah fúnra rẹ̀ ló yọ ọ̀já lọ́rùn Tófúnmi tó gbé e kọ́ Ọ̀gá. "Ó bá ọ mu, sà. Ó bá aṣọ lọ." Àwọn géńdé méjì gbé àpò iyanrìn lé e léjìká.

Ẹ dúró díẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé, kí ẹ wo ibi tí ọkùnrin yìí dé. Bí ó bá ní ẹ̀rù ló mú ọkàn òun sáré, ìmọ̀ rẹ̀ ti tú. Bí kò bá sì wí bẹ́ẹ̀, àpò nìyí. Ẹni tó bá ní ìtìjú yóò yan òtítọ́. Ọ̀gá yan àpò.

Ó sá àlọ àkọ́kọ́, pákó ń ké lábẹ́ rẹ̀. Èrò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà bó ṣe kọ́ wọn: "Ọkàn ni! Ó ń sáré! Ọ̀gá ti dé!" Nígbà tó fi padà dé èbúté, aṣọ funfun ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ní àlọ kejì, ojú rẹ̀ pọ́n bí ọ̀já. Iṣan ẹsẹ̀ tí kò nà kó tó sáré ká sókè lẹ́yìn orúnkún rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ kan sáré, ó ń fi èkejì tọrọ ààyè.

"Omi," ni ó wí.

Tófúnmi na ike omi sí i. Ògúnlànà gbà á. "Ẹ má fún un o! Ẹ̀yin ò mọ Ọ̀gá! Ó ń dán wa wò ni!"

"Ògúnlànà... omi..."

"Mo ti gbọ́, sà! N kò ní ṣubú sínú ìdánwò!"

Iwájú ìsọ̀ Roqeebah ni Ọ̀gá ti jókòó lójijì. Àpò jókòó lé e. Roqeebah da kèrègbè omi lé e lórí kó tó bi í bóyá ó fẹ́ mu. Ìyáàfin Jọọlá tú kọ́là rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó ń fún un ní omi díẹ̀díẹ̀, ó sì ń bi í ní ìbéèrè bí olùkọ́ ọmọ jẹ́léósinmi.

"Kí ni iṣẹ́ òógùn?"

"Ọ̀rá... ọ̀rá ló ń sunkún."

"Ara ló ń fi tu ara rẹ̀. Bí omi bá tán, kí ló fẹ́ fi tù ú? Ọkàn tí iṣẹ́ ti mọ́ lára ńkọ́? Ìlù kan rẹ̀ a máa ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí kì í kánjú. Ta ló kọ́ ọ ní èyí tí o fi ń kọ́ wọn?"

Ọ̀gá wo ojú ọ̀run. "Àwòrán náà... wọn ò kọ nǹkankan sẹ́yìn rẹ̀," ni ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Inú ọkọ̀ àwọn àlejò ni wọ́n tẹ́ ẹ sí lọ, lórí pátákó ara rẹ̀, nítorí kò sí pákó mìíràn tó gùn tó o. Wọ́n ní ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó igbó ọba ni wọ́n gbé e lọ báyìí. Bí ẹ bá kọjá nínú igbó kan tí ẹ gbọ́ tí igi ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ti mọ ẹni tó ń kọ́ wọn.

Kí ọkọ̀ tó ṣí, dókítà pe Mabel sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ rẹ, bí ó bá jẹ́ òun ló sá eré yẹn..." Kò parí rẹ̀. Mabel sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò parí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé Tófúnmi yóò dì mọ́ ìyá rẹ̀, ẹ kò tíì bí ọmọ ni.

"Lójú gbogbo ayé," ni ó wí nígbà tí wọ́n délé. "Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ayé."

"Mo gbà á."

"Ẹ ò bi mí."

"N kò bi ọ́. Bí mo bá bi ọ́, o ó ní rárá, n ó sì sin ọ́."

Ó dojú kọ ògiri. Ọjọ́ bíi mélòó kan ló fi ń dáhùn pẹ̀lú 'ẹ̀n' àti 'rárá'. Mabel ń yan ẹja, ó ń gbé omi sẹ́bàá rẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ Olówòkéré yà sábẹ́ ilé wọn. Àwọn tó mọ àjẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹnu odò ni wọ́n ń lọ.

"Tófúnmi! Ọkọ̀ yìí ń jò. A fẹ́ ẹni tí yóò máa gbọ́n omi."

Tófúnmi wo ìyá rẹ̀. Ó ti ń retí ohun tí yóò wí. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló ti wà lẹ́nu Mabel: òtútù, ìrì, ìbọn, jókòó. Ó gbé wọn mì. Ó wọlé lọ mú súwẹ́tà àti ike omi jáde, ó kó wọn lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, ó mú igbá, ọkọ̀ sì ṣí.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí odò ti yà, ó yíjú padà.

"Ìyá mi, ẹ wọlé! Yànmùyánmú á jẹ yín!"

Mabel ní òun ti ń wọlé. Kò wọlé.